Àpò Àrán Tí Kadi Rán

Píìnì kún ẹnu Kadi lọ́jọ́ tí Ìkírámù kọ́kọ́ rí i. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ní Attécoubé, nílùú Abidjan, ló dúró sí, lórí òkè tí èèyàn ti ń wo omi ọ̀sà nísàlẹ̀. Ó na ṣòkòtò kan sókè, ó sì ń sọ fún oníṣòkòtò pé ikùn rẹ̀ ló yọ, kì í ṣe òun ló rán aṣọ kéré. Ọkùnrin náà ń pariwo. Kadi ò pariwo. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ketekete, píìnì kan ò sì jábọ́.

Ìkírámù gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká, ó dúró, ó gbàgbé pé oníbàárà kan ń retí òun nítorí fíríìjì tí kò tutù mọ́. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Kò tíì pẹ́ tó dé Abidjan, fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ló ń tún ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tó gbà á lọ́kàn ju fíríìjì lọ ni idán pípa. Kì í ṣe idán olóògùn o. Idán ọwọ́ lásán ni, irú èyí tí wọ́n fi ń dá àwọn ọmọdé lára yá, tí owó ẹyọ á wọ ìkúùkù, tí wọ́n á sì yọ ọ́ létí ọmọ.

Olùkọ́ àgbà kan ní Ìsẹ́yìn ló kọ́ ọ, ó sì fi òfin lé e lọ́wọ́. A kì í tú àṣírí idán fún ẹni tó kàn fẹ́ ṣòfófó. A kì í jí ọgbọ́n tí ẹlòmíràn fi orí ara rẹ̀ rò. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, apidán kì í sọ pé òun ní agbára tí òun kò ní. Ìkírámù mọ òfin wọ̀nyí bí ẹni mọ orúkọ ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé mímọ òfin náà ni pípa á mọ́, kó dúró gbọ́ ìyókù.

Nígbà tí oníṣòkòtò bínú lọ, Ìkírámù sún mọ́ Kadi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ló kọ́ yín ní idán yẹn?"

Kadi tu píìnì sí àtẹ́lẹwọ́. "Idán wo?"

"Èyí tí ẹ fi ń sọ̀rọ̀ tí ẹ ò gbé píìnì mì."

"Ìbínú ló kọ́ mi," ni Kadi wí. "Bon. Kí lẹ fẹ́ rán?"

Treichville, ní òdìkejì ọ̀sà, ni wọ́n bí Kadi sí, ọmọ ará Ṣakí ni ìyá rẹ̀, Yorùbá àti Faransé sì ń dà pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìkírámù kò ní nǹkan kan láti rán nígbà tó kúrò nílé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ibi tó dúró sí yẹn ló ti ronú kan àpò kékeré kan tí olùkọ́ rẹ̀ máa ń lò. Ó ní kí Kadi bá òun rán àpò tí yóò ní ojú kejì nínú, tí ẹnikẹ́ni tó bá tọwọ́ bọ̀ ọ́ kò ní mọ̀ pé ojú kejì wà.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Ìkírámù rẹ́rìn-ín. "Àṣírí ni."

"Ohun tí olè náà máa ń sọ nìyẹn."

"Ṣé mo jọ olè lójú yín?"

"Olè tó bá jọ olè, ebi á pa á."

Ọ̀rọ̀ gidi ni Kadi sọ yẹn. Ibi tí inú ti ń bí mi sí òun náà ni pé kò tẹpẹlẹ mọ́ ọn. Ó bi í léèrè, kò rí èsì gbà, ó sì gbé sìsọ́ọ̀sì, torí pé ẹ̀rín ọmọkùnrin náà dára. Ojú tó yẹ kó fi yẹ iṣẹ́ wò ló fi ń wo eyín.

Aṣọ àrán aláwọ̀ ewé tó ṣẹ́kù lára aṣọ ìyàwó kan ló fi rán àpò náà. Nígbà tó ku igun kan, òwú aláwọ̀ ewé tán, ó fi òwú pupa-rúsúrúsú parí rẹ̀. Ó ní òun yóò tú u, òun yóò tún un rán. Ìkírámù ní kó má tú u. Ó ní igun yẹn ni òun yóò fi máa dá ọwọ́ tó rán an mọ̀ níbikíbi tí òun bá ti rí i. Kadi yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ó má baà rí i pé inú òun dùn.

Bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìkírámù padà wá fi ẹyin sínú àpò náà, ẹyin pòórá, ó tún dé, Kadi sì rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé orí lé ẹ̀rọ ìránṣọ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè é ní Monsieur Àṣírí. Òun náà ń pè é ní Adúmáradán. Ó tún fíríìjì kékeré inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣe láìjẹ́ pé ó bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ Sunday wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Treichville láti kí Ìyá Kadi, Ṣàkírát lorúkọ rẹ̀, opó tó ń ta bàtà ọmọdé lọ́jà. Ìyá náà wo ọmọkùnrin náà lókè, ó wò ó nílẹ̀, ó ní ọmọ dáadáa ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ kò gbé jẹ́ẹ́. Ó ti ń nu yẹtí wúrà tí bàbá Kadi fi sílẹ̀ de ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀.

Ní Treichville yìí kan náà ni ọkùnrin kan wà tó ń ta bàlúù, fìlà ọjọ́ ìbí àti ohun èlò àwọn apidán. Kò sí ohun tó ń bí mi nínú tó bí ọ̀rọ̀ ẹnu irú àwọn ọlọ́jà bẹ́ẹ̀. Ó gbé àpótí dúdú kan tí wọ́n fi àwọ̀ wúrà kùn síwájú Ìkírámù, ó ní ẹni tó bá ti ní in kò nílò láti kọ́ ohunkóhun mọ́, àpótí yóò bá a ṣe é. Gbólóhùn yẹn nìkan tó kí ọlọ́gbọ́n gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ. Ta ló ń ta abẹ́rẹ́ tó ń dá ránṣọ? Àpótí náà kì í tilẹ̀ ṣe ojúlówó. Ẹnì kan níbì kan ló fi ọdún gbọọrọ ronú rẹ̀, àwọn kan jí ọgbọ́n rẹ̀, wọ́n fi pákó jẹ́gẹjẹ̀gẹ ṣe é, wọ́n kùn ún ní wúrà. Ìkírámù mọ gbogbo èyí, torí òfin kejì olùkọ́ rẹ̀ nìyẹn. Kò tíì mọ àpò Kadi lò dé ìdajì ohun tí àpò náà lè ṣe. Síbẹ̀ ojú rẹ̀ wọ inú wúrà náà, kò lè yọ ọ́ mọ́.

Owó kò tó. Ọkùnrin kan tó dúró níbẹ̀ ń tẹ́tí sí wọn, Djibril lorúkọ rẹ̀, ó ní òun ń dá àwọn ọmọdé lára yá ní àdúgbò Yopougon, ó sì bi í bóyá ó ní ohun kan tó fẹ́ tà. Ìkírámù mú àpò àrán jáde. Kò bi ọkùnrin náà ibi tó ti ń ṣeré. Kò bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó gba owó, ó sì dúró síbẹ̀ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó títí ọwọ́ rẹ̀ fi dá. Ohun tí ọmọbìnrin fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán fún un, tó ní òun yóò fi máa dá a mọ̀ níbikíbi, ló gbé fún àjèjì nítorí pákó tí wọ́n kùn.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé àpótí náà jáde níbi ọjọ́ ìbí ọmọ kan ní Attécoubé, ilẹ̀kùn rẹ̀ há. Ọmọbìnrin kékeré kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, "Tonton, dígí ló wà ńbẹ̀." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìkírámù gbé àpótí sábẹ́ ibùsùn. Nígbà tí Kadi bèèrè ìdí tí kò fi fi àpò pidán mọ́, ó ní ó wà nílé.

Orókún ń dun Ìyá Kadi. Ó lọ sílé ìwòsàn, wọ́n fún un lóògùn, ó lò ó díẹ̀, ó pa á tì. Aládùúgbò rẹ̀ kan wá sọ fún un pé ọkùnrin kan wà ní Yopougon tó ń rí ohun tí ojú lásán kì í rí, ẹyin ló fi ń ríran. Ìyá fúnra rẹ̀ ló ra ẹyin tirẹ̀. Ó wọ gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré ìlú náà, lọ. Djibril ló bá níbẹ̀, pẹ̀lú tẹ̀sùbáà gígùn lọ́rùn àti tùràrí tó ń rú tùù.

Ọkùnrin náà fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í léèrè nípa ilé rẹ̀, ìyá sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfura: ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ránṣọ, àti ọmọkùnrin àlejò láti ìlú wọn lọ́hùn-ún tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́. Ó fi ẹyin ìyá sínú àpò aṣọ kan, ó kéwú lé e lórí, ó mú un jáde, ó fọ́ ọ sínú abọ́. Òwú dúdú àti abẹ́rẹ́ tó dípẹtà ló jáde nínú ẹyin. Ó ní àlejò kan tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́ ti so ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, orókún ìyá náà ló sì so okùn rẹ̀ mọ́. Ìyá fi igbe ta. Ẹnu ìyá fúnra rẹ̀ ni ọkùnrin náà ti gbọ́ ọ o! Ìyá gbé ọ̀rọ̀ fún un, ọkùnrin náà dá a padà fún ìyá, ó sì pè é ní ìríran. Ọkùnrin náà ní wúrà nìkan ló lè tú okùn bẹ́ẹ̀. Ìyá padà lọ mú yẹtí wúrà tí olóògbé fi sílẹ̀, ó kó o fún un.

Láti ọjọ́ náà, ó ní Ìkírámù kò gbọdọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà òun mọ́, bí Kadi bá sì fẹ́ ẹ, òun kò sí níbẹ̀. Kadi sunkún, ó bẹ̀bẹ̀, lẹ́yìn náà ló ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí aríran yìí. Wọ́n jọ lọ. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó rí i bí ọkùnrin náà ṣe na ọwọ́ gbé àpò àrán aláwọ̀ ewé kan, ó sì rí igun rẹ̀ kan tí wọ́n fi òwú pupa-rúsúrúsú parí.

Nínú gbaka tí wọ́n bá padà, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun lòun rán àpò yẹn, pé ojú méjì ló ní. Ìyá ní ẹyin òun ni òun fọwọ́ ara òun rà, ojú òun ló ṣe, ìfẹ́ ló ń fọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kadi sọ̀kalẹ̀ ní Attécoubé, ó sì lọ tààrà síbi tí Ìkírámù ti ń tú ẹ̀yìn fíríìjì kan.

"Àpò mi dà?"

Ìkírámù wo ojú rẹ̀, ó sì mọ̀ pé irọ́ ti tán. "Mo tà á."

"Fún ta ni?"

"Ọkùnrin kan ní Treichville. Djibril. Ó ní àwọn ọmọdé lòun ń pidán fún."

"Ṣé o bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe?"

"Rárá."

"Bó o ṣe ṣe mí nìyẹn. Èmi náà, moi aussi, mo bi ọ́, o rẹ́rìn-ín, mo gbà." Ohùn Kadi kò ga rárá. "Yẹtí bàbá mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá mi ń pè ọ́ ní oṣó. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló fi ṣe é, Ìkírámù. Iṣẹ́ ọwọ́ mi! O ní o máa fi igun yẹn dá mi mọ̀ níbikíbi."

Ìkírámù bẹ̀ ẹ́ pé kó rán òmíràn kíákíá, kí òun fi han ìyá rẹ̀ bí ọkùnrin náà ṣe ṣe é. Kadi ní òun kì í ránṣọ fún ẹni tó ń ta iṣẹ́ òun fún olè. Ó ní bó bá jẹ́ pé apidán ni lóòótọ́, kó fi ọwọ́ tí Ọlọ́run fún un ṣe é. Ó sì lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó tọ́ sí Ìkírámù fún un. Ó ṣe é. Ó mú fìlà rẹ̀ àti ẹyin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí ẹni tí kò pidán rí. Ẹyin ń fọ́, ó ń nu ilẹ̀, ó ń ra òmíràn. Àpótí oníwúrà wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí, kò wúlò fún un tó ọwọ́ ìgbálẹ̀.

Ọ̀sán gangan, nígbà tí ọjà Treichville kún, ló lọ dúró níwájú àtẹ bàtà Ìyá Kadi. Ìyá ní kó kúrò níbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín èrò, ó ní òun yóò lọ, kò sì ní rí òun mọ́ láyé, bí ó bá lè ra ẹyin kan kó tó lé òun. Àwọn obìnrin ọjà bá a bẹ̀ ẹ́. Ìyá ra ẹyin lọ́wọ́ ẹni tó wù ú. Ìkírámù ní kó gba tìróò lọ́wọ́ obìnrin tó ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó fi ṣe àmì sára ẹyin náà. Ìyá fi tìróò fa ìlà sí i lára. Kadi ti dé nígbà yìí, ẹnì kan ló sáré fóònù pè é, ó sì dúró sẹ́yìn àwọn èrò.

Ìkírámù fi ẹyin sínú fìlà. Kò kéwú, kò jó tùràrí. Ó mú ẹyin jáde, ó fọ́ ọ sínú abọ́ ìyá náà. Òwú dúdú àti abẹ́rẹ́ ló jáde.

Àwọn obìnrin sún sẹ́yìn.

"Màmá, ẹ wo èèpo rẹ̀ dáadáa," ni Ìkírámù wí. "Tìróò yín dà?"

Ìyá ṣa èèpo ẹyin lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí tìróò lára rẹ̀. Ìkírámù na ọwọ́ sínú fìlà, ó sì gbé ẹyin kan lé e lọ́wọ́, odindi, pẹ̀lú ìlà tìróò lára rẹ̀.

"Ẹyin tiyín nìyí. Èyí tí mo fọ́, èmi ni mo lù ú níhò nílé, mo ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, mo fi àbẹ́là dí i. Mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé mi ò ní tú àṣírí iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n torí ìdùnnú àwọn èèyàn ni mo ṣe jẹ́ ẹ, kì í ṣe láti fi bo olè. Àpò tí ọkùnrin Yopougon yẹn fi pa yín lójú dà, Màmá, èmi ni mo tà á fún un. Èmi ni mo kọ́ ọ. Mi ò bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe, torí pé mò ń wá owó nǹkan dídán kan tí mi ò nílò. Bí ẹ bá fẹ́ bínú, èyí ni kí ẹ bínú sí. Mi ò so ọmọ yín."

Ìyá gbé ẹyin ọwọ́ rẹ̀ sókè. Nígbà tó sọ̀rọ̀, gbogbo ìsọ̀ oníbàtà ló gbọ́ ọ.

"Ṣé pé ọkùnrin yẹn gba yẹtí mi, ó tún lọ dín ẹyin mi jẹ?"

Kò dúró gba èsì. Ó ká àtẹ rẹ̀ kò, àwọn obìnrin ọjà sì tẹ̀lé e. Gbaka tí wọ́n wọ̀ lọ sí Yopougon kún fún wọn, oníkálukú gbé ẹyin kan dání pẹ̀lú ìlà tìróò. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Djibril, wọn ò nà án, wọn ò bú u. Wọ́n kàn tò síwájú rẹ̀, wọ́n ní kó bá àwọn wò ó, ṣùgbọ́n èèpo tó ní tìróò ni àwọn fẹ́ rí lára ẹyin tó bá fọ́. Ọkùnrin náà wo ẹyin, ó wo ojú àwọn obìnrin náà, òógùn bò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ara òun ò yá. Ìyá Kadi ní, "Yakó, mon fils, pẹ̀lẹ́. Yẹtí mi." Djibril kó o jáde lábẹ́ ẹní. Ìyá gba àpò àrán náà pẹ̀lú. Kó tó di ọjọ́ kejì, Djibril ti kó kúrò ní àdúgbò náà, orókún ìyá sì padà sọ́dọ̀ dókítà, níbi tí kò yẹ kó ti kúrò rárá.

Ìyá dárí ji Ìkírámù. Kadi kò tíì dárí jì í. Nígbà tó wá bẹ̀ ẹ́, ó ju àpò náà sí i.

"Màmá mi ń bínú nítorí yẹtí. Tèmi yàtọ̀. Ohun tí mo fi ọwọ́ mi ṣe, o tà á láìtíì mọ̀ ọ́n. Máa mú un lọ. Lọ mọ nǹkan kan dópin, kó o tó padà wá."

Ìkírámù lọ. Ó gbé àpótí oníwúrà padà fún ọlọ́jà bàlúù. Ọlọ́jà ní ohun tí wọ́n bá ti tà, wọ́n ti tà á, ó sì fi òmíràn tó tún tóbi jù ú lọ hàn án. Ìtìjú ò sí lójú àwọn kan. Ìkírámù kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi pákó àpótí náà ṣe àtẹ fún irinṣẹ́ rẹ̀. Ní gbogbo àsìkò òjò, àpò àrán yẹn nìkan ló ń fi pidán, fún àwọn ọmọ iléèwé, fún àwọn ọmọ tó wà lórí ibùsùn nílé ìwòsàn. Bó bá ti parí, á sọ fún wọn pé ọwọ́ lásán ni, ẹni tó bá sọ pé òun ní ju ọwọ́ lọ, kí wọ́n sá fún un. Ìròyìn ń dé etí Kadi. Ó ń bèèrè ìròyìn òmíràn.

Òjò dá. Ní àárọ̀ kan, Kadi wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń wọn ìṣẹ́tí aṣọ kan, píìnì kún ẹnu rẹ̀. Ìkírámù gun òkè bọ̀ pẹ̀lú aṣọ bazin funfun lábẹ́ abíyá. Ó kí i. Kadi kò gbójú sókè.

"Kí lẹ fẹ́ rán?" ó fi ẹnu píìnì bi í, bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

"Agbádá kan àti bùbá kan, pẹ̀lú ìró."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Agbádá yẹn, èmi ni mo fẹ́ wọ̀ ọ́. Bùbá àti ìró, ìwọ ni kó o wọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá so yìgì wa ni mo fẹ́ ká wọ̀ ọ́. Kò sí àṣírí kankan níbẹ̀, Kadi. Mo ti sọ fún Màmá kí n tó wá."

Ó na àpò àrán sí i. Igun olówùú pupa-rúsúrúsú wà lókè. Kadi fúnra rẹ̀ ló rán an, kò sẹ́ni tó ní láti fi ojú kejì rẹ̀ hàn án. Ó tọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ sí ìsàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì bá yẹtí bàbá rẹ̀.

"Màmá ló fi rán mi," ni Ìkírámù wí.

Kadi la ẹnu láti fèsì, gbogbo píìnì sì tú dànù sílẹ̀. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pa pọ̀, wọ́n ń ṣà á.

"Wá kí n wọ̀n ọ́," ni Kadi wí, kò sì gbé ojú rẹ̀ sá mọ́.